Bí Ẹgbẹ́ Ṣe Ń Ṣe Ìrántí Ọlọ́yàyà Tí Jẹjẹrẹ Mú Lọ

Nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní Ìbàdàn, ì báà ṣe ẹgbẹ́ àwọn tó jọ kàwé jáde, ẹgbẹ́ àdúgbò, ẹgbẹ́ eléré ìdárayá tàbí ẹgbẹ́ onífàájì ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ẹnì kan máa ń wà tó jẹ́ pé bí kò bá tíì dé, ìpàdé kì í gbóná. Òun ló ń dá orin, òun ló ń fún ẹni tó bínú ní ìnagijẹ tí yóò fi rẹ́rìn-ín. Bí jẹjẹrẹ bá wá mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ, àìsàn ọdún kan máa ń bo àríyá ogún ọdún mọ́lẹ̀. Bó ṣe rù, bí irun orí rẹ̀ ṣe re, iye ìgbà tó gba oògùn kẹ́mò: ohun tí ẹnu ń sọ nìyẹn. Gbogbo iṣẹ́ tí a ó ṣàlàyé níbí wà fún ohun kan, kí ẹni tí ẹ mọ̀ padà wá sójú ọpọ́n, kí aláìsàn orí bẹ́ẹ̀dì sì lọ sinmi.

Títúfọ̀ àti àbẹ̀wò àkọ́kọ́

Ẹbí ló ń túfọ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́. Kí akọ̀wé tó tẹ ohunkóhun sórí WhatsApp, kó pe ẹnì kan nínú ẹbí, kó bi í bóyá wọ́n ti sọ fún àwọn òbí olóògbé, àwọn ọmọ tó wà lókè òkun àti olórí ẹbí. Ọmọ tó gbọ́ ikú ìyá rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni nílé tó pè é kì í gbàgbé ẹgbẹ́ tó gbé e síta. Bí ẹbí bá ti fọwọ́ sí i, ìlà mẹ́ta ti tó: orúkọ, ọjọ́ tó jáde láyé, àti pé kí a dúró de ètò ìsìnkú láti ọ̀dọ̀ ẹbí. Ẹ má fi fọ́tò sí i, ẹ má sọ irú àìsàn, ẹ má dárúkọ ilé ìwòsàn.

Ẹni mẹ́ta sí márùn-ún ti tó láti lọ kí wọn lọ́jọ́ kìíní. Kí alága wà níbẹ̀, kí ẹni tó sún mọ́ olóògbé jù wà níbẹ̀, kí obìnrin kan ó kéré tán wà níbẹ̀ bó bá jẹ́ pé opó ló wà nílé, nítorí yàrá tí opó jókòó sí kì í ṣe ibi tí gbogbo ọkùnrin ń wọ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ dìde. Bí gbogbo ẹgbẹ́ bá rọ́ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ará ilé tó yẹ kó jókòó sọkún ni yóò máa sáré wá àga àti omi kiri.

Ọ̀rọ̀ ètò di àbẹ̀wò kejì, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán. Ohun márùn-ún ni kí ẹ bi wọ́n. Ìlànà ẹ̀sìn wo ni wọ́n ń tẹ̀ lé? Ta ni ẹgbẹ́ yóò máa bá sọ̀rọ̀, ẹnì kan ṣoṣo, kí sì ni nọ́ńbà rẹ̀? Ṣé wọ́n gbà kí a dárúkọ àìsàn náà? Fọ́tò wo ni wọ́n fẹ́ràn? Kí ni wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ní gbangba? Ìbéèrè karùn-ún yìí ló ń kó ẹgbẹ́ yọ jù. Ilé mìíràn lè ní ìyàwó méjì tí kò mọ ara wọn, ọmọ kan tí wọn kò tíì fi han ẹbí, tàbí gbèsè tí wọ́n ṣì ń bá ilé ìwòsàn dúnàá dúrà lé lórí.

Mùsùlùmí ni? Wọ́n lè ti sin ín kí ẹ tó parí ìpàdé pàjáwìrì, nítorí wọn kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Ìyẹn kò já ẹgbẹ́ láyà. Ẹ lọ sí fìdáù ọjọ́ kẹjọ, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ má gbé ìlù lọ. Bó bá fi opó obìnrin sílẹ̀, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni yóò fi ṣe opó, ó sì lè má jáde sí ibi àpèjọ kankan kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ kà á sórí kàlẹ́ńdà kí ẹ tó mú ọjọ́. Kìrìsìtẹ́nì ni? Ẹ bi ìjọ léèrè bóyá àyè wà fún ẹgbẹ́ lọ́jọ́ àìsùn, ìṣẹ́jú mélòó, àti bóyá wọ́n fàyè gba orin tí kì í ṣe ti ìjọ.

Ṣé ọ̀fọ̀ ni àbí òkú àgbà?

Ibí yìí ni ẹgbẹ́ ti ń ṣàṣìṣe jù. Jẹjẹrẹ a máa mú ẹni àádọ́ta ọdún tí ọmọ rẹ̀ ti jáde yunifásítì, tí ìyá rẹ̀ ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin sì wà láyé. Lójú ẹgbẹ́, ọmọ ti tó ọmọ, kí a ra aṣọ. Lójú ìyá àgbà, ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ìyá ni yóò ṣẹ. Níbi tí òbí bá wà láyé, òbí kì í dé etí sàréè ọmọ, wọn kì í gbé olórin wá, ìkíni ibẹ̀ sì ni “ẹ kú ọ̀fọ̀, Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ hàn wá mọ́”, kì í ṣe “ẹ kú ìnáwó”.

Síbẹ̀, ọlọ́yàyà kì í ṣe ẹni tí a lè fi ìdákẹ́jẹ́ nìkan rántí. Ohun tó máa ń yanjú rẹ̀ ni kí ẹ ya ọjọ́ méjì sọ́tọ̀. Ìsìnkú jẹ́ ti ẹbí: ẹ lọ, ẹ ṣe bí wọ́n bá ṣe ní kí ẹ ṣe. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ mú ọjọ́ ẹgbẹ́, ní ibi tí ẹ ti máa ń ṣèpàdé, kí ẹ̀rín tó bá jáde níbẹ̀ má dun ìyá ẹnikẹ́ni. Ẹ pe ẹbí, ẹ má fi tipátipá mú wọn wá.

Dídárúkọ àìsàn

Ọ̀pọ̀ ìwé ìsìnkú ló ń kọ “àìsàn ránpẹ́” sí ohun tó gba ọdún mẹ́ta. Bó bá jẹ́ ohun tí ẹbí fẹ́ nìyẹn, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ìdílé mìíràn wọ́n ń bẹ̀rù pé wọn ò ní wá fẹ́ ọmọbìnrin ilé mọ́ bí wọ́n bá gbọ́ jẹjẹrẹ ọyàn. Bí wọ́n bá gbà kí ẹ sọ ọ́, ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ní gbólóhùn kan, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gan-an: jẹjẹrẹ ọyàn, jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ padà sórí ìgbésí ayé rẹ̀. Ẹ má sọ pé “ó jà, ṣùgbọ́n àìsàn ṣẹ́gun rẹ̀”, bí ẹni pé ó kù díẹ̀ kí ó gbìyànjú sí i. Ẹ má sì gba ẹnikẹ́ni láyè níbi máìkì láti sọ pé ayé ló ṣe é, tàbí pé ká ní ó lo àgbo lágbájá ni. Ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ dé, kí olùdarí ètò dá orin.

Kíkó ọ̀rọ̀ jọ

Iṣẹ́ tó gba àkókò jù rèé, òun sì ni ẹgbẹ́ sábà máa ń fi sí alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ni kí ẹ ṣe é. Bó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, olúkúlùkù á ti gbọ́ ìtàn ẹlòmíì tó, tí gbogbo wọn á máa sọ ìtàn mẹ́ta kan náà.

Ẹ yan ẹni mẹ́ta: ẹni tí gbogbo ẹgbẹ́ fọkàn tán, ẹni tó mọ̀wé kọ, àti ẹni tó mọ fóònù lò. Ẹ má bi ọmọ ẹgbẹ́ pé “kí lo rántí nípa rẹ̀?” Ìdáhùn tí yóò wá ni “ènìyàn rere ni, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.” Ẹ béèrè ohun tó ṣe pàtó:

Kí ló máa ń sọ bó bá pẹ́ dé ìpàdé?
Ìnagijẹ wo ló fún ọ, kí ló fà á?
Orin wo ló máa ń dá, ìlà wo ló máa ń ṣì níbẹ̀?
Ẹran wo ló máa ń dù nínú àwo, ta ló máa ń bá dù ú?
Ìgbà wo ló bínú gidi, kí ló bí i?
Nígbà tó ń gba ìtọ́jú, àwàdà wo ló ṣe fún ẹni tó lọ wò ó?

Ìbéèrè ìbínú yẹn ṣe pàtàkì. Ẹni tí kò bínú rí kò dà bí ènìyàn, àwọn tó mọ̀ ọ́n yóò sì mọ̀ pé ẹ ń purọ́.

Ohùn ni kí wọ́n fi ránṣẹ́, kì í ṣe ìwé, nítorí ọ̀pọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ bí omi kì í lè kọ ìlà mẹ́ta. Ìṣẹ́jú méjì, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí nọ́ńbà ẹnì kan, kì í ṣe sórí ẹgbẹ́ WhatsApp, nítorí bí ẹni àkọ́kọ́ bá ti sunkún nínú ohùn tirẹ̀, gbogbo àwọn tó kù á sunkún tẹ̀ lé e, ìtàn á sì sọnù sínú ẹkún. Bí ohùn kọ̀ọ̀kan bá ti dé, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó ṣí lọ́jọ́ náà, ẹ yí orúkọ fáìlì padà sí orúkọ ẹni tó sọ ọ́, ẹ sì fi ẹ̀dà kan sórí kọ̀ǹpútà tàbí fláàṣì. Fáìlì tí ẹ kò tètè gbà wọlé lè má ṣí mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ohùn olóògbé fúnra rẹ̀ ni wúrà tó wà nínú iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá wo ibi fọ́tò àti fídíò nínú ẹgbẹ́ WhatsApp, ẹ kò ní rí ohùn tó fi ránṣẹ́ níbẹ̀. Lórí Android, àpò tó ń jẹ́ WhatsApp Voice Notes ni wọ́n wà, wọ́n tò ó ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ wá ọmọ ẹgbẹ́ tí kì í pa nǹkan rẹ́ lórí fóònù, tàbí ẹni tó ní fóònù àtijọ́ nínú àpótí. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá tó fi pariwo pé “ẹ ò tíì dé, ẹran ti ń tán o!” níye lórí ju ìwàásù wákàtí kan lọ.

Bí ẹ bá ń yọ ohun tí kò yẹ kúrò, ẹ yọ ọ̀rọ̀ owó tó jẹ tàbí tí wọ́n jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́bìnrin tàbí ọ̀rẹ́kùnrin àtijọ́, àti àwàdà tó fi ẹnì kan tó wà láàyè ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ sí etí aṣojú ẹbí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe kí ẹ sọ ọ́ lẹ́nu, ẹ kà á.

Oríkì

Ẹ má pe akéwì kó wá máa ki Ìbàdàn nìkan lé e lórí. Àwọn ọmọ ogun láti Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ló tún Ìbàdàn tẹ̀ dó ní nǹkan bí ọdún 1829, nítorí náà ẹni tí wọ́n bí sí Ọjà Ọba tàbí Òde Ajé lè jẹ́ ọmọ Olúkòyí, ọmọ Ọ̀pọ́mùléró tàbí ìran mìíràn pátápátá. Ẹ lọ bá ìyá tàbí àǹtí rẹ̀ tó dàgbà jù lágboolé. Ẹ béèrè oríkì àbísọ, bí Àjàní, Àkànní, Àṣàkẹ́ tàbí Àbẹ̀kẹ́, kí ẹ tó béèrè oríkì orílẹ̀. Bí ìyá bá ti ń kì í, ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má dá a dúró pé kó tún ibìkan sọ. Ìlà mẹ́jọ sí mẹ́wàá ti tó fún ọjọ́ ẹgbẹ́. Bí àwọn ẹlẹ́sìn kan nínú ilé kò bá fẹ́ oríkì orílẹ̀ nítorí òrìṣà tó wà nínú rẹ̀, ẹ lo àbísọ nìkan.

Ọ̀rọ̀ ìrántí àti ìwé pélébé

Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ yóò kà kò gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ kà á sókè pẹ̀lú aago kí ọjọ́ tó pé, nítorí ọ̀rọ̀ tó dà bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí ìwé lè di mẹ́fà bí omi bá gba ojú ẹni tó ń kà á. Ẹ mú ẹni kejì tí ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò gba máìkì bí ohùn ẹni àkọ́kọ́ bá há.

Ìlà àkọ́kọ́ ló ń sọ bóyá wọn á gbọ́ ìyókù. “Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni a fi ń kọ ìwé yìí” jẹ́ ti gbogbo òkú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìṣe kan tí kì í ṣe ti ẹlòmíì: “Bí agogo mẹ́rin bá lù tí a kò tíì gbọ́ híhu ọ̀kadà àti ẹ̀rín papọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, a mọ̀ pé ó ti yà síbi ẹlẹ́ran sísun.” Ohun mẹ́ta péré ni kí ó wà nínú ìyókù: ohun tó ṣe fún ẹgbẹ́ tí a lè tọ́ka sí, ohun kan tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín, àti ohun kan tó ṣe láṣìírí fún ẹnì kan, bí ẹni náà bá gbà kí a sọ ọ́. Oyè àti ipò, ẹ kó wọn sí ẹ̀yìn ìwé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ náà ní wàhálà tirẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sọ pé “ó”, àwọn àbúrò yóò sọ pé “wọ́n”. Ẹ má tún un ṣe kó dọ́gba nínú ìwé. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, òǹkàwé á yé e.

Fọ́tò: ẹ mú èyí tí wọ́n yà kí àìsàn tó dé, tó ń rẹ́rìn-ín, tí eyín hàn, kì í ṣe ti páásípọ̀ọ̀tì. Oògùn mìíràn máa ń mú ojú aláìsàn wú, fọ́tò ìgbà náà kì í jọ ọ́. Ẹ gba ojúlówó fọ́tò lọ́wọ́ ẹni tó yà á. Èyí tó ti rìn lórí WhatsApp ti fún, bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tóbi yóò ṣe jágajàga. Kó lè mọ́ lórí ìwé A4 odindi, ó nílò nǹkan bíi píksẹ́ẹ̀lì 2480 ní ìbú àti 3508 ní gíga. Bó bá jẹ́ WhatsApp nìkan ni ọ̀nà, kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ńtì, kì í ṣe bíi fọ́tò. Bí fọ́tò ẹgbẹ́ bá jẹ́ èyí tó dára jù, ẹ má fi kọ̀ǹpútà gé ọwọ́ tó wà léjìká rẹ̀ kúrò. Ẹ fi í sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀rẹ́ ni.

Ìwé pélébé tí ẹ ó pín, kí ó ní iye ojú ewé tí mẹ́rin lè pín dọ́gba, nítorí ìwé tí a ká sí méjì ní ojú mẹ́rin: 8, 12 tàbí 16. Ká sọ pé ojú ewé 16 ní ìwọ̀n A5, ẹ̀dà 120. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan gba páálí A4 kan fún èèpo àti ìwé A4 mẹ́ta fún inú, ìyẹn páálí 120 àti ìwé 360. Rímù kan, tó jẹ́ 500, tó fún inú, 140 sì kù fún èyí tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́. Kí ẹ tó lọ bá atẹ̀wé ní Mókólá tàbí Dùgbẹ̀, ẹ sọ iṣẹ́ náà di PDF pẹ̀lú fọ́ńtì tó mọ àmì Yorùbá, bíi Charis SIL tàbí Noto. Bí ẹ bá gbé e lọ bíi Word, kọ̀ǹpútà atẹ̀wé lè má ní fọ́ńtì náà, gbogbo ẹ, ọ àti ṣ á sì di àpótí kéékèèké. Ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹ̀dà kan, kí ẹni méjì kà á, kí ẹnì kan nínú wọn jẹ́ ará ilé olóògbé. Ọjọ́ ìbí, orúkọ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra àti orúkọ ọkọ tàbí ìyàwó ni àṣìṣe sábà máa ń wà. Àṣìṣe orúkọ ọmọ kò ní ẹ̀bẹ̀.

Ọjọ́ ẹgbẹ́

Sátidé, agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, kí ó parí ní agogo kan. Láti oṣù April dé October, òjò Ìbàdàn fẹ́ràn ọ̀sán, nítorí náà ẹ má gbé e sí ìta láìsí kánópì. Ẹ ra epo jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ tan án wò pẹ̀lú ẹ̀rọ orin lórí rẹ̀. Ẹni tó ń gba Ìwó Road tàbí Challenge bọ̀, ẹ sọ fún un pé agogo mẹ́wàá àbọ̀ ni, kí ọkọ̀ tó há lọ́nà má bàa mú un pẹ́.

Bí a ṣe lè tò ó: àdúrà, ìṣẹ́jú márùn-ún, Mùsùlùmí kan àti Kìrìsìtẹ́nì kan bí ẹgbẹ́ bá pọ̀ mọ́ra. Orin tó máa ń dá, ẹgbẹ́ á gbè é, kí wọ́n sì ṣi ìlà tó máa ń ṣì. Oríkì. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Lẹ́yìn náà ẹni mẹ́fà, ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta. Ní orí ìwé ìyẹn jẹ́ ìṣẹ́jú méjìdínlógún, ẹ kà á sí ọgbọ̀n. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ le jù kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, aláwàdà kó ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta, nígbà tí omijé àkọ́kọ́ ti gbẹ. Bí aláwàdà bá ṣáájú, kò sẹ́ni tí yóò rẹ́rìn-ín, ojú á sì tì í. Ará ilé kan, bó bá fẹ́. Ohùn olóògbé kó gbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ fún ẹbí tẹ́lẹ̀ pé ẹ máa gbé e sí i. Ẹ má fi ṣe ìyàlẹ́nu: ọmọ tó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀ lè ṣubú lulẹ̀. Kí máìkì wà lọ́wọ́ olùdarí ètò títí. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ tó ti mu ìgò méjì, ètò ti parí nìyẹn.

Àga òfìfo tí wọ́n ń fi fìlà lé lórí, ẹ lè fi í sílẹ̀. Ẹni tó máa ń dìde jó káàkiri, àga kì í ṣe ohun tó jọ ọ́.

Aṣọ ńkọ́? Ẹ má ra tuntun. Ẹ wọ èyí tí òun fúnra rẹ̀ bá yín rà kẹ́yìn. Bí ẹgbẹ́ bá takú pé àfi tuntun, ẹ lọ sí ọjà Gbági fún àǹkárá, ẹ ra yáàdì tó pọ̀ jù iye ènìyàn lọ díẹ̀, kí ẹ má ṣe fi èrè lé e. Aṣọ ìrántí tí ẹgbẹ́ jèrè lórí rẹ̀ máa ń dá ìjà tó pẹ́ ju ikú lọ.

Oúnjẹ ọgọ́rin ènìyàn: ìrẹsì gbígbẹ, gíráàmù 100 sí 120 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kílò mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Omi ọ̀rá méjì méjì jẹ́ 160, àpò kọ̀ọ̀kan sì ní ogún, àpò mẹ́jọ nìyẹn, ẹ ra mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ àmàlà ló fẹ́ràn, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, ẹ wá alásè tí yóò rò ó níbẹ̀, nítorí àmàlà tó ti wà nínú kúlà láti àárọ̀ máa ń tú omi.

Owó

Ẹ ya owó ìrántí sọ́tọ̀ kúrò lára owó ẹgbẹ́, ẹni méjì ní kó máa buwọ́ lù ú. Akápò kó kọ orúkọ àwọn tó san, kó má kọ iye sí iwájú rẹ̀ lórí WhatsApp: ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún méjì péré á dákẹ́, kò ní mú un wá rárá. Bí ẹni ogójì bá dá ₦5,000, ₦200,000 nìyẹn. Ká fi ₦80,000 ṣe ọjọ́ ẹgbẹ́, kí ₦120,000 wọ ọ̀rọ̀ ọmọ. Bí ọjọ́ ẹgbẹ́ bá ń jẹ ju ìdajì lọ, ẹ dín ẹran kù.

Owó ilé-ìwé ọmọ, ẹ san án sí ilé-ìwé tààrà, ẹ gba rìsíìtì, ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹbí. Ẹ sọ iye ọdún: ọdún méjì tí ẹ mú ṣẹ sàn ju “títí yóò fi jáde” tí ẹ já nígbà tó kù díẹ̀ kó ṣe WAEC.

Owó tó ní nínú àjọ tàbí kọpárétíìfù ẹgbẹ́ kì í ṣe owó ìsìnkú. Ti ẹni tó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé kó jogún rẹ̀ ni. Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ san án níwájú ẹlẹ́rìí, kì í ṣe lọ́jọ́ fìdáù nígbà tí àwọn mọ̀lẹ́bí tó fẹ́ pín in wà níbẹ̀. Bó bá sì jẹ ẹgbẹ́ lówó, kí alága sọ fún ẹbí Mùsùlùmí ní kíá pé ẹgbẹ́ ti yọ̀ǹda rẹ̀, bó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ fẹ́ yọ̀ǹda rẹ̀, nítorí gbèsè òkú wúwo lọ́rùn wọn. Ẹ má yọ ọ́ lára owó ìrànwọ́ láìsọ.

Àwọn ohun èlò ìtọ́jú tó kù nílé, kẹ̀kẹ́ aláìsàn, bẹ́ẹ̀dì, àpò ìgbẹ́ tí wọn kò tíì já, ẹgbẹ́ lè bá ẹbí gbé wọn fún aláìsàn mìíràn. UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1957, ní ẹ̀ka hospice tó ń tọ́jú ìrora àwọn tí àìsàn ti wọ̀ lára, ẹ béèrè níbẹ̀ bóyá wọ́n ń gbà á. Oògùn ìrora líle bíi morphine, ẹ má fún ẹnikẹ́ni, àní ẹni tí jẹjẹrẹ ń ṣe pàápàá. Ẹ dá a padà sí ilé ìwòsàn tó fún un.

Bí ẹ bá fẹ́ fi àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ rántí rẹ̀

Ọjọ́ kẹrin oṣù February ni àyájọ́ jẹjẹrẹ lágbàáyé, October sì ni oṣù jẹjẹrẹ ọyàn. Kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ni àyẹ̀wò ojútáyé bá mu. Bó bá jẹ́ ọyàn, ẹ pe nọ́ọ̀sì tí yóò yẹ ọyàn wò, tí yóò sì kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wọn ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn nǹkan oṣù. Bó bá jẹ́ ẹnu ilé ọmọ, nọ́ọ̀sì lè fi omi kíkan (vinegar) wo ẹnu ilé ọmọ, ẹ sì kéde abẹ́rẹ́ HPV ọ̀fẹ́ tó ń dènà rẹ̀, tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní October 2023 fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Bó bá jẹ́ ti prostate ọkùnrin, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA ni, láti ogójì ọdún. Kí wọ́n má bá obìnrin lò pọ̀ fún ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ẹni tí ìtọ̀ ń ta lára sì kọ́kọ́ sọ fún dókítà, torí méjèèjì lè gbé iye náà sókè láìsí jẹjẹrẹ. Fún ẹ̀dọ̀, ẹ ṣe àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú B, kí ẹni tí kò ní i gba abẹ́rẹ́ mẹ́ta: ti òní, ti oṣù kan sí i, ti oṣù kẹfà. Fún irú tí àyẹ̀wò ojútáyé kò wúlò fún, bíi ti àmọ́ (pancreas) inú ikùn, ẹ fi owó náà ran aláìsàn lọ́wọ́.

Ohun tó ń ba ètò yìí jẹ́ ni pé wọ́n á rí kókó lọ́yàn ẹnì kan, wọ́n á fún un ní ìwé pélébé kan, ó parí. Ìdajì owó àyẹ̀wò, ẹ fi í pamọ́ fún àwọn tí wọ́n bá rí nǹkan lára wọn, fún àwòrán, fún yíyọ ẹran ara wò àti fún ọkọ̀. Ẹ gba àdéhùn ilé ìwòsàn kan tí yóò gbà wọ́n kí ẹ tó fọn fèrè. Bí ẹ kò rí owó náà, ẹ dín iye ènìyàn kù láti 100 sí 40.

Fóònù àti ìwé orúkọ

Ẹ má yọ nọ́ńbà rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ WhatsApp ní ọ̀sẹ̀ tó kú, ọmọ rẹ̀ ló sábà ń mú fóònù náà, tó ń ka ohun tí ẹ ń sọ. Ẹ bi í léèrè. WhatsApp máa ń pa ìdámọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò fún ọjọ́ 120 rẹ́, iléeṣẹ́ fóònù sì lè gbé nọ́ńbà tó dákẹ́ fún ẹlòmíràn, àjèjì á wá ṣí i, á máa kí yín “ẹ káàárọ̀”. Kí ẹbí tó jẹ́ kí láìnì náà kú, kí wọ́n kọ́kọ́ kó fọ́tò àti ohùn rẹ̀ jáde. Facebook rẹ̀, mọ̀lẹ́bí lè ní kí wọ́n sọ ọ́ di ojúewé ìrántí bí wọ́n bá fi ẹ̀rí ikú hàn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni kò lè wọlé sí i mọ́, nítorí náà ẹ kó ohun tí ẹ fẹ́ kó kọ́kọ́.

Nínú ìwé orúkọ ẹgbẹ́, ẹ má fi bírò pupa gé orúkọ rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tó lọ síwájú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà rẹ̀ wà bẹ́ẹ̀, kí ọmọ ẹgbẹ́ tuntun gba nọ́ńbà tuntun. Bí akọ̀wé bá ń pe orúkọ ní ìpàdé ọdún tí wọ́n fi rántí rẹ̀, kó pe tirẹ̀ ní ìnagijẹ, kí ẹgbẹ́ dáhùn bó ṣe máa ń dáhùn.